Pápásan: Ewé tí a bá níbí

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀sanyìn tí ó ni ewé. Ìbà àwọn àgbà tí wọ́n kọjá òkun láì fẹ́, tí wọn kò sì gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀.

Àwa olórìṣà máa ń sọ pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì máa ń sọ ọ́ fún ọmọ-òrìṣà tuntun láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹni tí ó sọ ọ́ jáde síta kí ó já ewé mẹ́ta tí ó mọ orúkọ wọn wá, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dúró tí yóò máa wo ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni a ti ń ra ewé. Inú ọ̀rá ni ó máa ń wà, orúkọ tí ẹni tí ó ń tà á bá kọ sára ọ̀rá ni a sì ń pè é. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ewé kan ṣoṣo. Kì í ṣe ewé ọ̀wọ́n rárá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ooru ni ẹ ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lónìí.

Pápásan ni orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní ṣẹ́gunṣẹ́tẹ̀. Àwọn ará Cuba àti Mexico ń pè é ní verdolaga, àwọn ará Brazil àti Portugal ní beldroega. Ní Amẹ́ríkà tí àwa ń gbé, purslane ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, àwọn àgbà ní Gúúsù sì máa ń pè é ní pusley. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko fún un ni Portulaca oleracea.

Bí a ṣe kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nìyí. Bàbá wa nínú òrìṣà jẹ́ ọmọ Matanzas ní Cuba, New York ni ó sì ń gbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, à ń bá a lọ sí botánica, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ewé àti ohun èlò òrìṣà, láti ra ewé tí a óò fi ṣe omi ẹ̀rọ̀. Bàbá dúró lójijì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí ibi tí sìmẹ́ǹtì ẹ̀gbẹ́ títì ti là. Ewéko kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó tẹ́ra mọ́lẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ pọ́n, ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ń dán. Ó ní, “Verdolaga nìyí. Ewé Yemọja ni. Nílé ìyá mi, a kì í fowó rà á.” A béèrè bóyá kí a já a. Ó ní, “Rárá o. Ajá ti tọ̀ síbẹ̀.”

Ọgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó mú wa lọ, níbi tí ewé náà ti bo ẹsẹ̀ tòmátì. A já a kún apẹ̀rẹ̀. Bàbá pín in sí méjì. Apá kan lọ sínú omi ẹ̀rọ̀. Ó fọ apá kejì, ó gé àlùbọ́sà sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ó sì gbé e síwájú wa pẹ̀lú ìrẹsì. Ẹnu yà wá. A rò pé ohun tí ó bá ti wọ inú igbá òrìṣà kì í wọ inú àwo oúnjẹ. Bàbá wò wá, ó ní, “Ohun tí ó tu orí lára, ṣé kò lè tu inú lára ni?” Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ewé òrìṣà àti ewé ọbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ó yẹ kí a rántí bí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1946 ni babaláwo Pancho Mora dé New York láti Cuba. Ní 1959, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí a wá mọ̀ sí Ọba Oseijeman Adefunmi lọ sí Matanzas, wọ́n sì gbé òrìṣà lé e lórí níbẹ̀. Ní 1970, ó dá Oyotunji sílẹ̀ ní South Carolina. Àwọn tí wọ́n gbé òrìṣà wá sí Àríwá gbé orin wá, wọ́n gbé òkúta wá, ṣùgbọ́n ewé kò rọrùn láti gbé. Ọ̀pọ̀ ewé Cuba kò lè la òtútù New York já. Ìdí nìyí tí botánica fi di ibi tí a gbójú lé. Ṣùgbọ́n pápásan kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó hù. Òtútù á pa ọ̀pá rẹ̀, hóró rẹ̀ á sùn sínú ilẹ̀, nígbà tí ooru bá sì padà dé, ó tún jáde.

Ní báyìí, a ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kọ́ àwọn ọmọ-òrìṣà wa pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n gbé pápásan wá sí ilẹ̀ yìí nínú ọkọ̀ ojú omi ẹrú. A fi kún un pé àwọn ìyá fi hóró rẹ̀ pamọ́ sínú irun. Kò sí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. A gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ìrẹsì, a mọ̀ pé ilá àti yànmọ̀tí ti Áfíríkà wá lóòótọ́, a sì so pápásan mọ́ wọn nítorí pé ó dùn mọ́ wa nínú. Bí ìtàn bá dùn, a kì í fẹ́ béèrè ibi tí ó ti wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-òrìṣà wa tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ni ó bi wá pé ibo ni a ti rí i. A kò rí èsì fún un. A bẹ̀rẹ̀ sí kàwé, ohun tí a sì rí nìyí. Ní Ontario ní Canada, adágún kan wà tí ń jẹ́ Crawford Lake. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń tò ní ìpele-ìpele lọ́dọọdún láì dàrú, débi pé ènìyàn lè ka ọdún nínú rẹ̀. Ní 1975, onímọ̀ méjì, Byrne àti McAndrews, sọ fún ayé pé àwọn rí hóró àti ìyẹ̀fun òdòdó pápásan nínú ìpele ẹrẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀ kí Columbus tó dé ní 1492. Àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń gbin àgbàdo lẹ́bàá adágún náà, ni wọ́n ń gbé níbẹ̀ nígbà náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé àwọn òyìnbó ni wọ́n gbé ewé yìí kọjá òkun. Àwọn pẹ̀lú ṣì í.

Nítorí náà, kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ mú pápásan dé ilẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe àwa. Ó ti wà níbí. A pe gbogbo ilé jọ, a sì sọ fún wọn pé ohun tí a fi kọ́ yín kì í ṣe òótọ́. Ó nira. Àgbà kì í fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lójú ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá purọ́ nípa ewé kékeré, ta ni yóò gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá sọ nípa ewé ńlá?

Nígbà tí a wá jókòó rò ó, a rí i pé ìtàn tí ó kù sí wa lọ́wọ́ kò kéré sí èyí tí a sọnù. Ẹ wò ó báyìí. Wọ́n kó ènìyàn láti ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kó wọn dé Matanzas tàbí Bahia. Èdè tí wọ́n ń gbọ́ ṣàjèjì, oúnjẹ ṣàjèjì, igi oko ṣàjèjì. Wọ́n wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìrèké, wọ́n sì rí ewé kan tí ó wà nílé. Ewé tí ó tẹ́ra mọ́lẹ̀, tí ọ̀pá rẹ̀ pọ́n, tí ó tutù lọ́wọ́. Wọn kò nílò láti gbé e wá. Ohun tí wọ́n gbé wá ni ojú tí ó fi dá a mọ̀. Ìmọ̀ ni ẹrù tí kò sí ẹni tí ó lè gbà lọ́wọ́ wọn.

Ìmọ̀ náà kò sì parun, bí orúkọ tilẹ̀ yí padà. Ní ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Cuba, orúkọ Sípéènì ni wọ́n ń pe ewé yìí títí di òní, síbẹ̀ wọ́n kà á mọ́ ewé tútù tí a fi ń tu orí lára. Ní 1954, Lydia Cabrera tẹ ìwé El Monte jáde ní Havana, ó sì kọ ohun tí àwọn àgbà olórìṣà sọ fún un nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé sínú rẹ̀. Pierre Verger, tí wọ́n sọ ní Fátúnmbí nígbà tí ó di babaláwo ní Kétu ní 1953, tẹ ìwé Ewé jáde ní Brazil ní 1995, ọdún kan kí ó tó kú. Ohun pàtàkì tí Verger tẹnu mọ́ ni pé ewé kò dá ṣiṣẹ́ láì sí ọ̀rọ̀. Orúkọ ewé ni a fi ń pè é kí ó tó dáhùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ogun àti ọ̀tẹ̀ nínú ṣẹ́gunṣẹ́tẹ̀, yóò sì mọ iṣẹ́ tí a ń bẹ ewé náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ verdolaga nìkan kò lè gbọ́ ọ.

Nítorí èyí ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Yorùbá nígbà tí a ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, láì ní olùkọ́, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè àti téèpù. Ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà ni a ti parí èyí tí ó kù. Ní ọjọ́ kan, a gbé apẹ̀rẹ̀ verdolaga wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá kan, ará Ìbàdàn, tí ó ń ta èlùbọ́ àti epo. Ó wo inú apẹ̀rẹ̀, ó ní, “Ẹ gbà mí o! Ṣé pápásan lẹ gbé dání yìí, bàbá? Ẹ̀yin náà máa ń jẹ ẹ́ níbí?” A ní, “Ẹ̀ẹ́n, màmá, a máa ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.” A fún un ní ìdajì, ó fún wa ní irú. Ogún ọdún ni a ti ń lo ewé yìí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní orúkọ rẹ̀ létí wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí apá ibi tí ooru wà láyé tí wọn kì í ti í jẹ ẹ́. Nílé, wọ́n máa ń fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ bí wọ́n ṣe ń fi gbúre sè é, nítorí àwọn méjèèjì máa ń yọ̀ díẹ̀. Àwọn ará Mexico máa ń sè é pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọbẹ̀ ata tútù. Àwọn ará Turkey máa ń pò ó mọ́ yógọ́ọ̀tì àti aáyù. Ní Alentejo ní Portugal, wọ́n ń fi se ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹyin àti wàràkàṣì sí. Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Walden ní 1854 pé òun já a nínú oko àgbàdo òun, òun bọ̀ ọ́, òun fi iyọ̀ sí i, ó sì tó òun jẹ ní oúnjẹ ọ̀sán.

Bí a ṣe ń sè é nílé wa nìyí. A ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí iyanrìn. A ó gé orí rẹ̀ tí ó rọ̀, a ó sì da ìdí rẹ̀ tí ó le nù. A ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sẹ́ ẹ, a ó da omi náà nù. A ó dín ata àti àlùbọ́sà nínú epo pupa, a ó fi irú àti ẹja gbígbẹ sí i, ìgbẹ̀yìn ni ewé máa ń wọlé. Kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí iná. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó kan díẹ̀, kí ó já a ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó já a ní ìrọ̀lẹ́. Èyí kì í ṣe àbá lásán. Nígbà tí omi bá wọ́n, ewé yìí máa ń pa ojú ara rẹ̀ dé lọ́sàn-án kí oòrùn má baà gbẹ omi inú rẹ̀. Òru ni ó máa ń ṣí i láti mí, ó sì máa ń tọ́jú ohun tí ó bá mí sínú gẹ́gẹ́ bí omi kíkan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà tí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti lo kíkan náà tán.

Ní ti oògùn, àwọn àgbà wa nílé máa ń gún un, wọn a sì fi lé ojú wíwú àti eéwo. Àwọn ará China ti ń lò ó fún ìgbẹ́ ọ̀rìn láti ìgbà pípẹ́. Pliny ará Róòmù kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Láàárín 1936 sí 1938, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn òǹkọ̀wé lọ bá àwọn àgbà tí wọ́n bí sí oko ẹrú, wọ́n sì kọ ìtàn tí ó ju 2,300 lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà náà sọ pé ewé àti gbòǹgbò inú igbó ni oògùn àwọn, nítorí kò sí dókítà fún wọn. Ní 1986, Simopoulos àti Salem kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine pé ewé yìí ní ọ̀rá omega-3, irú èyí tí ènìyàn kì í sábà rí púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́. Ohun tí àwọn ìyá wa ń pè ní ewé tí ó ṣe ara lóore, àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí nǹkan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í ṣe dókítà, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àròkọ yìí kí ó sì pa oògùn dókítà rẹ̀ tì. Pápásan ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní oxalate púpọ̀ nínú, èyí tí ó lè di òkúta nínú kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí ó yàgò fún un. Aláboyún, kí ó béèrè kí ó tó jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún omi rẹ̀ mu ní ife-ife nítorí pé ẹnìkan ní ó dára. Oúnjẹ ni, kí a jẹ ẹ́ bí oúnjẹ.

Ewu kejì ni èyí tí ó mú wa kọ àròkọ yìí. Ní ìgbà ooru kan, ọmọ-òrìṣà wa obìnrin gbé ewé wá fún omi ẹ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun fúnra òun ni òun já a. Ó tẹ́ra mọ́lẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ pọ́n, ewé rẹ̀ kéré. A ṣẹ́ ọ̀kan, oje funfun bíi wàrà sì jáde. Kì í ṣe pápásan. Ewéko mìíràn tí wọ́n ń pè ní spurge ni, èyí tí ó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú sìmẹ́ǹtì kan náà. Oje rẹ̀ máa ń jó ara, ó sì léwu fún ojú, kò sì ṣeé jẹ. Ewé yẹn ni à bá fi wẹ orí ìyàwó tuntun. Ẹkún ni ọmọ náà bú. A kò bá a wí, nítorí àwa ni a jẹ̀bi. A ti kọ́ ọ ní orin ewé, a kò kọ́ ọ ní ewé.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Bí oje rẹ̀ bá mọ́ bí omi, tí ewé rẹ̀ sì nípọn, tí ó ń dán, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pápásan, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì tún wò ó. Bí oje rẹ̀ bá funfun bíi wàrà, ẹ jù ú nù, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ẹ má já a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ má já a níbi tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko. Ilẹ̀ àwọn ìlú ńlá wa máa ń ní òjé nínú láti ara ọ̀dà àtijọ́. Ẹ wá hóró rẹ̀, kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò. Igi rẹ̀ kan lè so hóró tí ó ju 100,000 lọ, nítorí náà ẹ kò ní í rà á lẹ́ẹ̀mejì. Kódà bí ẹ bá fà á tu tí ẹ sì jù ú sórí ilẹ̀, ó tún lè ta gbòǹgbò níbi tí ó bá bọ́ sí.

Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Nígbà tí a gbọ́ òwe yìí ní ọ̀dọ́, a rò pé ewé tí ó kù náà wà nínú igbó kan ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọwọ́ wa kò lè tó. Ọmọ-òrìṣà wa tí ó sunkún lọ́jọ́sí ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ilé wa ní ewé báyìí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ìgbà ooru ni ó máa ń kó wọn lọ sí ọgbà. Kí ọmọ tó já ewé, yóò ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀, yóò wo oje rẹ̀, yóò sì pe orúkọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

Ire o.